Ìgbà Tí Màmá Mi Bá Wa Lọ Pàgọ́

Òórùn kan wà tó máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé nígbà tí mo wà ní ọmọdé. Tí mo bá pajú dé báyìí, ó ṣì wà ní ihò imú mi: èéfín èédú, koríko tí ìrì ti mú kó rin gbingbin, àti ẹyin tí bàbá mi ń dín lórí sítóòfù kékeré tó gbé kalẹ̀ lẹ́yìn àgọ́. Èédú yẹn kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń yan àgbàdo. Òkúta dúdú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ni, èéfín rẹ̀ wúwo, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ títí di ọjọ́ kejì tí a bá ti padà délé. Màá lajú, màá rí òrùlé àgọ́ tí oòrùn ti sọ di àwọ̀ ọsàn, màá sì gbọ́ ohùn àwọn àgbà níta, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí wọ́n má baà jí wa. Ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi Tasha á ti wà ní ìhà mi. Raṣídà, ọ̀rẹ́ wa kejì, á ti fa bùláńkẹ́ẹ̀tì gbogbo wa sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Mi ò ní ibòmíràn tí mo tún fẹ́ wà láyé.

Springdale ní Amẹ́ríkà ni à ń gbé nígbà náà, ní àárín àwọn ọdún 1990. Ìbàdàn ni wọ́n ti mú mi wá nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Bàbá mi ń wa takisí, màmá mi sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Largo. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà síbẹ̀ nígbà kan náà pẹ̀lú mi, ẹ mọ bí Sátidé wa ṣe máa ń rí: ilé kéwú ní mọ́sálásí láàárọ̀, aṣọ fífọ̀ lọ́sàn-án, kí á wá lọ kí ẹnìkan tó bímọ ní Hyattsville, kí á sì jókòó sórí àga olówó wọn tí wọ́n fi ọ̀rá bò. Kò sí ẹni tó ń lọ sun inú pápá nínú àwọn tí a mọ̀. Bí a bá ní a fẹ́ sùn níta, àwọn òbí wa á bi wá bóyá ilé ti jóná ni.

Ẹni tó yí i padà fún wa ni àgbàlagbà Amẹ́ríkà dúdú kan tó ń gbé ní ilé tó tẹ̀ lé tiwa. Curtis ni orúkọ rẹ̀. Bàbá mi ní a kò gbọdọ̀ pe àgbà lórúkọ lásán, nítorí náà a sọ ọ́ di Bàbá Curtis, ó sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Ó ti wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé fún ọdún púpọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, Tasha, tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, tí a sì jọ wà ní kíláàsì kan náà. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí a débẹ̀, yìnyín bo ọkọ̀ bàbá mi mọ́lẹ̀, bàbá mi sì dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá Curtis gbé ṣọ́bìrì jáde, ó kó gbogbo rẹ̀ kúrò láì sọ̀rọ̀, ó sì wọlé lọ. Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti di ará inú gáréèjì rẹ̀.

Nínú gáréèjì yẹn ni ọkọ̀ àtijọ́ rẹ̀ kan wà. Ó ti pẹ́ tó débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ bàbá mi. Apá òkè rẹ̀ funfun, ìsàlẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ìdí rẹ̀ sì nà sókè bí lẹbẹ ẹja. Tí a bá fẹ́ wọ̀ ọ́, a ó kọ́kọ́ na ọwọ́ jáde kí Bàbá Curtis yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó mọ́. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, ó máa ń wà á lọ sí pápá ńlá kan lẹ́yìn Upper Marlboro, níbi tí àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ àti ẹ́ńjìnnì tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ti máa ń pàdé. Láti ọjọ́ Jímọ̀ títí di Sọ́ńdè ni wọ́n máa ń wà níbẹ̀, tí olúkúlùkù á pàgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun ìní rẹ̀. Ó ní kí a wá.

Bàbá mi gbà kó tó sọ̀rọ̀ tán. Màmá mi kò gbà.

"Mo gun ọkọ̀ òfuurufú wá sí Amẹ́ríkà," ni màmá mi wí, ó ń ká aṣọ lọ, kò gbójú sókè. "Mi ò wá sí Amẹ́ríkà wá sun orí koríko. Ẹ máa lọ."

Ni a bá lọ láìsí òun. Bàbá mi bẹ alùfáà tó ń kọ́ wa ní kéwú pé a ó máa ka tiwa níbẹ̀, ó sì mú un ṣẹ. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó jẹun, èmi àti Raṣídà á jókòó lórí ẹní, a ó ka ibi tí wọ́n fún wa, kí a tó padà lọ sùn díẹ̀. Ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ní Greenbelt ni Raṣídà. Bàbá rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ọdẹ aṣọ́lé, kì í ráyè, nítorí náà ọ̀dọ̀ wa ló máa ń fi ọmọ rẹ̀ sí. Tasha á jókòó tì wá, á sì máa fi ẹnu rẹ̀ tẹ̀ lé wa díẹ̀díẹ̀ títí òun náà fi mọ Fátíhà sórí. Bàbá Curtis, tó jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, á yí rédíò rẹ̀ sílẹ̀ títí a ó fi ṣe tán. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Irú nǹkan báyìí pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ máa ń yan jù, òun náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó yé e pé a kì í jẹ ẹ́, ó ra ààrò tuntun tí ẹ̀dá kankan kò tíì fi ṣe nǹkan, ó ní tiwa nìyẹn. Àwa náà fún un ní tiwa. Bàbá mi máa ń gbé gàrí Ìjẹ̀bú àti ẹ̀pà dání, a ó bu omi inú kúlà tó ti tutù nini sí i, a ó fi ṣúgà sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Bàbá Curtis mu ún, ó ní ó dà bí ìyẹ̀fun pákó. Kó tó di òpin ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun ló máa ń bèèrè bóyá a rántí gbé e.

Ọ̀sán ni tiwa, àwa ọmọ. A ó máa rìn láàárín àwọn ọkọ̀ tí wọ́n tò lọ súà, tí wọ́n ń dán débi pé a ń rí eyín wa nínú wọn. Àwọn tó ni wọ́n á jókòó sórí àga tí wọ́n ń ká, wọ́n á máa sọ ìtàn nọ́ọ̀tì kékeré kan ṣoṣo títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Lópin pápá ni àwọn ẹ́ńjìnnì wà, àwọn irin dúdú ńláńlá tó ní táyà irin, tí wọ́n fi ń pa ọkà tàbí la igi nígbà ayé àwọn bàbá wọn. Iná ń jó nínú ikùn wọn, omi ń hó, èéfín ń jáde lórí. Wọ́n fi okùn yí wọn ká nítorí àwa ọmọdé. Èyí tó tóbi jù jẹ́ ti òyìnbó àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Earl, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, tó máa ń lé wa sẹ́yìn bí a bá ti fi ìka kan okùn.

Báyìí ni ọdún méjì ṣe lọ. Tí a bá délé ní ọjọ́ Sọ́ńdè, màmá mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní kí a bọ́ aṣọ wa síta, pé òórùn wa kò bójú mu. Lọ́jọ́ kan mo rí i tó gbé síwẹ́tà mi sún mọ́ imú, ó dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀, kó tó jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Mi ò bi í léèrè. Mo rò pé ó ń wò ó bóyá ó dọ̀tí ni.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Ọ̀fà kú. Bàbá tó bí màmá mi nìyẹn. Mi ò mọ̀ wọ́n ju ohùn tó máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ, ohùn tó jìnnà, tó máa ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Ọ̀sán ni ìpè náà wọlé, nígbà tí ìrúwé òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Màmá mi gbọ́ ọ tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó pè, ó gbé fóònù kalẹ̀, ó sì padà sí ìdí ọbẹ̀ tó ń sè. Pépà rẹ̀ kò tíì jáde. Bó bá jáde kúrò ní Amẹ́ríkà, wọn kò ní jẹ́ kó wọlé mọ́. Wọ́n sin bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì láìsí òun níbẹ̀. A ṣe fìdáù ní mọ́sálásí, àwọn èèyàn wá kí i, ó ń dá wọn lóhùn dáadáa.

Àmọ́ láti ìgbà náà, ó dákẹ́. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń se oúnjẹ, ó ń di irun mi. Ọ̀rọ̀ ni kò sí lẹ́nu rẹ̀. Ó lè jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́, kó wà bẹ́ẹ̀ títí bàbá mi á fi lọ gba bàtà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi gbìyànjú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá láti mọ́sálásí, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ó ní òun gbà, òun ti gba kádàrá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bóyá màmá mi ti bá Bàbá Ọ̀fà lọ, kó jẹ́ pé ẹlòmíràn tó jọ ọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa.

Nígbà tí ìsinmi dé, tí a tún ń múra àtilọ sí pápá, Bàbá Curtis wá kan ilẹ̀kùn wa. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ní màmá mi ni òun fẹ́ rí. Mo wà ní orí àtẹ̀gùn, mo gbọ́ ọ.

"Ìjókòó iwájú nínú ọkọ̀ mi, ìyàwó mi ló ni ín," ni Bàbá Curtis wí. "Láti ìgbà tó ti lọ, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yìn ni Tasha pàápàá máa ń wà. Mo fẹ́ kí o bá mi jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí. O kò ní láti sọ̀rọ̀."

 Màmá mi kì í ṣe ẹni tó lè wo ojú àgbà kó sọ pé rárá sí irú ọ̀rọ̀ yẹn.

"Ẹ ṣé, sà," ni ó wí. "Màá wá."

Ó pààrọ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú ẹnìkan, ó sì wá. Ó jókòó síwájú pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, ó gbé báàgì lé itan. Àwa ọmọ mẹ́ta wà lẹ́yìn, bàbá mi ń fi takisí rẹ̀ kó ẹrù bọ̀ lẹ́yìn wa. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá ilé ẹjọ́ ní Upper Marlboro. Nígbà tí a dé pápá, a ta àgọ́, màmá mi jókòó sórí àga, ó yí ojú sí apá ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Ó sun inú àgọ́ pẹ̀lú wa lálẹ́ náà, kò ráhùn. Láàárọ̀, ó tún padà sórí àga rẹ̀. Mo rí bàbá mi tó wo Bàbá Curtis, mo sì rí Bàbá Curtis tó mi orí, bí ẹni pé kó ṣì ní sùúrù.

Ọ̀sán Sátidé yẹn ni Earl fọn fèrè ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

A ti mọ fèrè náà. Ó máa ń fọn ún tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í la igi, àwa á sì di etí wa. Màmá mi kò tíì gbọ́ ọ rí. Mo ń wò ó nígbà tó dún. Ó dìde dúró. Báàgì rẹ̀ já bọ́ lórí itan rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó la àárín àwọn ọkọ̀ kọjá, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Mo sáré tẹ̀ lé e, Tasha àti Raṣídà tẹ̀ lé mi. Ìdí okùn ni a bá a, tó dúró, tó ń mí èéfín náà sínú.

"Muníra," ni ó pè mí. Ohùn rẹ̀ ni, èyí tí mo mọ̀. "Ṣé o mọ iṣẹ́ tí Bàbá Ọ̀fà ṣe?"

Mo ní wọ́n ti fẹ̀yìn tì.

"Kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì ńkọ́?"

Mi ò mọ̀. Ó wá sọ fún mi. Ó ní awakọ̀ rélùwéè ni wọ́n. Ọkọ̀ tó ń jẹ èédú, tó ń mu omi, tó ga ju ilé lọ ni wọ́n ń wà, láti Jẹ́bà sí Ìlọrin, sí Ọ̀fà, sí Òṣogbo, títí dé Ìbàdàn. Kọ́tà àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ń gbé. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe máa ń fọn fèrè tirẹ̀, kí àwọn ará ilé rẹ̀ lè mọ̀ pé òun ti ń dé. Ti Bàbá Ọ̀fà gùn lẹ́ẹ̀kan, ó kúrú lẹ́ẹ̀mejì, ó tún gùn. Bí ìyá màmá mi bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á gbé omi kaná. Màmá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ á sáré lọ sẹ́bàá ọ̀nà irin lọ dúró. Bí Bàbá Ọ̀fà bá sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ara wọn á dúdú, eyín wọn nìkan ló máa ń funfun, wọ́n á sì ní kí ẹnikẹ́ni má fara kan àwọn. Màmá mi ní òun kì í gbọ́. Òun á di mọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó sọ lẹ́sẹ̀ kan yẹn pọ̀ ju gbogbo èyí tó ti sọ láti ìgbà ìrúwé lọ. Earl ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó fajú ro bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó ní kí a sún sẹ́yìn, pé irin náà gbóná.

"Bàbá mi wa irú rẹ̀," ni màmá mi sọ fún un.

Earl dúró. Ó bi í pé níbo.

"Nàìjíríà. Ọkọ̀ ojú irin. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi wà á." Ó wo iná tó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì náà. "Wọ́n ti kú. Kò tíì pẹ́. Mi ò lè lọ sin wọ́n."

 Earl fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀ títí, bí ẹni pé ìdọ̀tí rẹ̀ kò fẹ́ kúrò. Ó wá tú okùn, ó sì na ọwọ́ sí màmá mi.

"Bàbá tèmi ló ni èyí," ni Earl wí. "Ẹ gun ibí. Ẹ má fara kan apá ọ̀tún."

Màmá mi ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó gùn ún. Earl fi okùn fèrè hàn án. Ó dì í mú, ó sì dúró fún ìgbà díẹ̀ tí mo fi rò pé kò ní lè fà á. Lẹ́yìn náà ni ó fà á. Ó gùn, ó gùn títí ó fi wọ inú egungun mi. Ó kúrú, ó tún kúrú. Ó wá gùn lẹ́ẹ̀kan sí i, èyí tó kẹ́yìn yìí pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Gbogbo pápá yíjú sí wa. Àwọn tó ń nu ọkọ̀ dá ọwọ́ dúró. Bàbá mi ti sáré dé, Bàbá Curtis ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, fìlà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí màmá mi jọ̀wọ́ okùn, ó fi orí lé apá irin tí kò gbóná, ó sì sunkún. Mi ò tíì gbọ́ ẹkún bẹ́ẹ̀ láti ẹnu àgbà rí. Earl yí ẹ̀yìn sí i, ó ń kó èédú sínú iná tí kò nílò èédú. Bàbá mi gùn ún lọ bá a, ó di èjìká rẹ̀ mú, mo sì gbọ́ tó ń sọ pé, "Ọlọ́run á kẹ́ wọn. Ọlọ́run á forí jì wọ́n," títí màmá mi fi ń ṣe àmín.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ojú rẹ̀ ti dúdú, omijé ti fa ìlà sí i. Ó wò wá, ó ní kí a má fara kan òun. Mo di mọ́ ọn. Tasha àti Raṣídà náà di mọ́ ọn. Ó sì rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ìpè náà ti wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó jẹun. Ó sọ ìtàn Bàbá Ọ̀fà fún wa títí ohùn rẹ̀ fi há. Bàbá Curtis náà sọ ti ìyàwó rẹ̀, Earl gbé àga tirẹ̀ wá, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń mu gàrí wa láì bèèrè ohun tó jẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìgbà tí a lọ pàgọ́ tí màmá mi kò bá wa lọ. Òun ló tún wá ń kán wa lójú pé kí a má pẹ́. Ìbànújẹ́ náà kò tán lọ́jọ́ kan, ó máa ń padà wá, àmọ́ bó bá dé, ó ń sọ ọ́ jáde. Nígbà tí pépà rẹ̀ jáde lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó lọ sí Ọ̀fà, ó dúró lẹ́bàá sàréè bàbá rẹ̀, ó ṣe àdúà, ó sì padà wá bá wa pẹ̀lú ara tó fúyẹ́.

Bàbá Curtis ti lọ báyìí, Earl náà ti lọ. Ọwọ́ Tasha ni ọkọ̀ náà wà, Raṣídà sì ń gbé ní Texas pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Èmi ti kọjá iye ọdún tí màmá mi jẹ́ nígbà náà, mo sì ti wá mọ ohun tí ojú ọmọdé mi kò rí. Mo mọ̀ pé bàbá mi máa ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣiṣẹ́ àṣekún kó tó lè fi Sátidé kan sílẹ̀ fún wa. Mo mọ ohun tó ná Bàbá Curtis láti ṣí ilẹ̀kùn iwájú yẹn fún ẹlòmíràn. Nígbà náà, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe rí fún gbogbo ọmọ, pé àwọn àgbà wà láti máa ṣe irú rẹ̀ ni. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tó. Mò ń dúpẹ́ báyìí, pàápàá lọ́wọ́ àwọn tí kò lè gbọ́ mi mọ́.

Ní ọdún tó kọjá, ìyá obìnrin kan ní àdúgbò wa kú ní ìlú òkèèrè. Lójoojúmọ́ tó bá tibi iṣẹ́ dé, ó máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kò ní wọlé. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà kan kò ní mọ ibi tí yóò gbójú sí, á yára kọjá. Mo rékọjá títì, mo kí i, mo sì jókòó tì í. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo bi í pé iṣẹ́ wo ni ìyá rẹ̀ ṣe. Ó wò mí, ó fi kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi.